Ọ̀rẹ́ méje, ọkọ̀ kúrúùsì kan: yàrá wo la máa gbà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí. Ọ̀rẹ́ méje ni wá, obìnrin ni gbogbo wa, Ọjà Ọba níbí la ti jọ ń tajà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan náà la sì wà. Ẹni tó kéré jù nínú wa ti lé ní ogójì, Màmá ẹgbẹ́ wa máa pé ọgọ́ta ọdún lọ́dún tó ń bọ̀, tìtorí tiwọn la ṣe fẹ́ rìnrìn àjò yìí. Ọkọ̀ kúrúùsì la fẹ́ wọ̀, alẹ́ méje lórí omi, Barcelona la ti máa gbéra, á yà ní Marseille, Genoa, èbúté Róòmù àti Naples kó tó padà. Owó ti ń pé. Wàhálà tó kù ni ti yàrá. Èjẹ́ǹtì tó wà l'Ékòó ní ká gba yàrá méjì péré, ẹni mẹ́rin nínú ọ̀kan, ẹni mẹ́ta nínú èkejì, pé ìyẹn ló máa dín owó kù, pé a ò kúkú ní máa gbé inú yàrá. Ọ̀kan nínú wa ní tí kò bá ti sí bákónì òun ò lọ. Òmíràn ní irú yàrá kan náà ni kí gbogbo wa gbà kí ẹnikẹ́ni má baà fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹnìkejì. Ọ̀kan tún wà tó máa ń hanrun, tó jẹ́ pé ará yàrá kejì ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i kí ẹgbẹ́ má tú kí ọkọ̀ tó gbéra.

* * *

Ẹ kú ìnáwó o ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra. Ẹ jẹ́ ká fi ti bákónì sílẹ̀ ná, ti ẹni mẹ́rin nínú yàrá kan yẹn ni ká kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló máa dájà sílẹ̀.

Èjẹ́ǹtì yín ò parọ́ pé ó máa dín owó kù. Iye tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yìí máa ń gbé síta, iye orí ẹnì kan ni, tí ẹni méjì bá jọ wà nínú yàrá. Tí ẹni kẹta àti ẹni kẹrin bá wá wọ yàrá yẹn, owó tiwọn sábà máa ń wálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe iye ọkọ̀ kankan. Ká ní 600 dọ́là ni ti ẹnì kan nínú yàrá ẹni méjì, kí ẹni kẹta àti ẹni kẹrin máa san 300. Tí ẹ bá pín sí mẹ́rin àti mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ á jẹ́ 3,300, tí ẹ bá dá a dọ́gba, nǹkan bí 471 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá pín sí méjì, méjì, mẹ́ta, á di 3,900, nǹkan bí 557 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ ẹ̀ ò tó 90 dọ́là. Owó tí wọ́n ń gé fáwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ lójoojúmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àti owó èbúté, orí èèyàn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà á sí, bí ẹ bá há mọ́ yàrá kan kò ní torí ẹ̀ dín.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ máa fi 90 dọ́là yẹn rà. Yàrá tí kò ní fèrèsé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju túwẹ́ẹ̀fù báì túwẹ́ẹ̀fù táwọn bíríkìlà máa ń sọ, balùwẹ̀ sì wà nínú ẹ̀ náà o. Bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà nílẹ̀, wọ́n lè so wọ́n pọ̀, wọ́n lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀dì kẹta àti ìkẹrin, ara ògiri tàbí òkè àjà ni wọ́n ti máa fà wọ́n wálẹ̀, àkàsọ̀ lẹ fi máa gùn ún. Ta ló máa gun àkàsọ̀ lóru nínú yín, tó tún máa bọ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn láti lọ tọ̀? Màmá ẹni ọgọ́ta ọdún àbí ẹni tí orúnkún ń dùn?

Mo ti wà nínú yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin rí, obìnrin ni gbogbo wa. Alẹ́ tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn múra dáadáa, aago méje àbọ̀ la fẹ́ lọ jẹun, láti aago márùn-ún la ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ẹni tó bá wẹ̀ tán ò ríbi dúró sí nù ara, á gun orí bẹ́ẹ̀dì kí ẹlòmíì tó lè kọjá. Dígí gidi kan ló wà, ara kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, ibẹ̀ ni ẹni méjì ti jọ ń wé gèlè, ìgúnpá ọ̀kan gbá páúdà tó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì, gbogbo páúdà yẹn dà sórí léèsì funfun tí ẹni kẹta tẹ́ sílẹ̀ tó fẹ́ wọ̀. Ẹni tó ni léèsì ò pariwo, ó wá aṣọ mìíì wọ̀, ṣùgbọ́n kò bá wa jókòó nídìí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìgbà tá a sì fi máa sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, ó ti di pé tá a bá kí i ló ń dáhùn. Nítorí balùwẹ̀ kan ni o. Àwọn tí mò ń sọ yìí ti ń bára wọn bọ̀ láti ìgbà ọmọge.

Nítorí náà ohun tí mo máa bi yín kì í ṣe fèrèsé wà àbí kò sí. Balùwẹ̀ mélòó lẹ ní, ta ni àti ta ni ló máa jọ lò ó? Ìyẹn ni kí ẹ fi mú yàrá.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ pé: "Kí lẹ ń bá yàrá jà sí, oorun nìkan la fẹ́ sùn níbẹ̀, gbogbo ìgbádùn òde ló wà."

Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn èjẹ́ǹtì ló sì ń sọ ọ́ jù. Fún ọ̀dọ́ ọmọ ogún ọdún tó máa jó di aago mẹ́rin ìdájí, òótọ́ ni. Àmọ́ oorun gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò bá sùn dáadáa fún alẹ́ mẹ́ta, tó tún rìn kiri Róòmù nínú oòrùn látàárọ̀, inú á máa bí i sí gbogbo nǹkan. Ara ò sì ní yá ẹnì kan bákan náà, ẹnì kan á jẹ nǹkan tí kò bá a lára mu, tí inú bá ti ń run èèyàn, yàrá náà ló máa wà. Ẹ̀yin tó kù ńkọ́, níbo lẹ máa yà sí?

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jàre.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀ tún kọ̀wé pé méjì, méjì, mẹ́ta ti fẹ́ wọ̀ wọ́n létí, àmọ́ ẹni tó máa wà nínú yàrá ẹni mẹ́ta ń rò ó pé wọ́n yan òun jẹ.

Ẹ sọ fún wọn pé yàrá ẹni mẹ́ta yẹn gan-an ló máa gba yín sílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ físà bá dé. Ibi tí àwọn òyìnbó tó ń gbani nímọ̀ràn kì í débẹ̀ nìyẹn, torí kò kàn wọ́n, àmọ́ ó kan àwa tí páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wà lọ́wọ́ wa. Físà Schengen lẹ máa gbà, Spéìnì, Faransé àti Ítálì wà nínú ẹ̀, 90 yúrò ni owó ẹ̀ fún àgbàlagbà láti 2024, bí wọ́n bá fún yín, bí wọn ò fún yín, owó yẹn ti lọ. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀yin méjèèje lẹ máa rí i gbà.

Ká ní wọn ò fún ẹnì kan wá. Tó bá jẹ́ pé ẹni méjì-méjì lẹ wà, ẹni tó kù nínú yàrá yẹn ti di òun nìkan, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á sì gba owó ẹni méjì lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní yàrá ẹni mẹ́ta kan, ẹnì kan á kúrò níbẹ̀ bọ́ sí àyè tó ṣí sílẹ̀, ẹ ti di méjì, méjì, méjì, kò sẹ́ni tó máa san owó àsanlé. Kí ẹ ti bá èjẹ́ǹtì sọ ọ́ ṣáájú pé bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe tó bá ṣẹlẹ̀, kó sì sọ fún yín títí di ọjọ́ wo ni wọ́n fi máa ń gbà kéèyàn pààrọ̀ orúkọ láti yàrá sí yàrá. Ọjọ́ tí wọ́n máa gba owó tó kù tán, ọ̀pọ̀ ìgbà ó máa ń tó bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò, kí ẹ rí i pé físà ti jáde ṣáájú ọjọ́ yẹn. Kí ẹ tún wo ojú ọ̀nà ọkọ̀ náà dáadáa: tó bá máa yà sí Tùnísíà tàbí Tọ́kì lágbede méjì, ẹ ti jáde kúrò nínú Schengen nìyẹn, físà tó lè wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ máa nílò.

Ní ti ta ló máa wọ yàrá ẹni mẹ́ta, ẹ má ṣẹ́ gègé. Àwọn mẹ́ta tí ẹrù wọn kéré jù, tí wọn kì í pẹ́ ní balùwẹ̀, ni kó wọ̀ ọ́. Kí ẹ béèrè fún yàrá tí bẹ́ẹ̀dì kẹta ẹ̀ jẹ́ àga gígùn tí wọ́n ń tẹ́ di bẹ́ẹ̀dì, kó má jẹ́ ti àkàsọ̀. Owó tí àwọn mẹ́ta yẹn bá sì fi dín, àwọn ni kó jẹ ẹ́, ẹ má pín in káàkiri. Nínú ìṣirò mi lẹ́ẹ̀kan, mo dá owó náà dọ́gba kẹ́ ẹ lè rí ìyàtọ̀ ẹ̀ ni, àmọ́ tó bá jẹ́ èmi, ẹni tó fún ara pọ̀ ló yẹ kó sanwó tó kéré. 500 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta, 600 ló máa kan àwọn mẹ́rin tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí ẹni tó máa sọ pé wọ́n yan òun jẹ.

* * *

Bákónì wá. Ọ̀rọ̀ yìí ti gbóná níbí, àwọn kan ní kí gbogbo yín gba bákónì kí ẹ gbádùn ayé yín, àwọn kan ní ìnákúnàá ni.

Ibi tí ọkọ̀ ń lọ ló ń sọ bóyá bákónì wúlò. Tó bá jẹ́ Alaska tàbí àwọn òkè Norway lẹ fẹ́ lọ, níbi tó jẹ́ pé láti inú ọkọ̀ lẹ ti máa wo òkè àti yìnyín látàárọ̀ ṣúlẹ̀, màá ní kí ẹ tún dá owó kún un. Àmọ́ ọ̀nà tiyín yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ máa bọ́ sílẹ̀. Àárọ̀ ẹ ti wà ní Genoa, alẹ́ ẹ padà wọlé, ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, ẹ sùn. Ìgbà wo lẹ máa jókòó sí bákónì? Òkè ọkọ̀ níta gbangba wà fún gbogbo èrò lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ lẹ ti máa rí òkè Vesuvius bí ọkọ̀ bá ń wọ Naples, ẹ máa rí i ju ẹni tó wà ní bákónì tó kọjú sí òdìkejì lọ.

Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn pé irú yàrá kan náà ni kí gbogbo yín gbà dandan. Àpò ò dọ́gba, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ látìgbà tẹ́ ẹ ti ń bára yín dáwó. Tí ẹ bá ní kí ẹni tó lówó bákónì má gbà á, ẹ ti fi owó ẹ̀ jẹ ẹ́ níyà. Tí ẹ bá sì ní kí gbogbo èèyàn gbà á, ẹni tó máa yáwó wà nínú yín, kò ní sọ fún yín. Ohun tó dáa lójú mi ni pé kí ẹni tó fẹ́ bákónì àti Màmá ọlọ́jọ́ ìbí jọ gba ọ̀kan, kí ẹ̀yin márùn-ún tó kù wá gba yàrá méjì tí kò ní fèrèsé ní òdìkejì kọ́rídọ̀ kan náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ní fèrèsé wà lápá ìta, àwọn tí kò ní wà lápá inú, wọ́n dojú kọra. Owó tí bákónì bá fi ju ti yàrá lásán lọ, ẹni tó ní dandan ni kó san tiẹ̀, ti Màmá ni kí gbogbo ẹgbẹ́ dá, ẹ̀bùn ọgọ́ta ọdún nìyẹn.

Àmọ́ kí ẹ ti sọ ọ́ kalẹ̀ láti ilé pé bákónì yẹn kì í ṣe gbàgede ẹgbẹ́. Àga méjì àti tábìlì kékeré ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ẹni méje ò lè dúró síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa lọ ní méjì-méjì, ẹ kanlẹ̀kùn, tí Màmá bá ti fẹ́ sinmi, ẹ dìde.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n pè ní bákónì ló kọjú sí òkun. Ọkọ̀ Oasis of the Seas tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009 ní bákónì tó kọjú sí inú ọkọ̀ níbi tí wọ́n gbin igi àti òdòdó sí, ó rẹwà o, àmọ́ ẹ ò ní rí omi láti ibẹ̀. Àwọn yàrá kan sì wà tó ní fèrèsé, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ìdóòlà tí wọ́n so rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti dí i lójú pátápátá. Tí owó ẹ̀ bá ti kéré ju ti ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, ẹ béèrè ìdí.

* * *

Àbúrò kan ní: "Ọmọ Òròkí ni wá, aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun, ọmọ Ọ̀ṣun kì í bẹ̀rù omi, kí wọ́n gba èyíkéyìí." Ẹlòmíì dá a lóhùn pé kí wọ́n má gba ti ìsàlẹ̀ torí ibẹ̀ ni omi máa kọ́kọ́ wọ̀.

Àbúrò mi, kéèyàn dúró létí Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, kó fomi bọ́jú, ó yàtọ̀ sí kéèyàn sùn sórí agbami. Láti Barcelona sí Marseille, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Gulf of Lion, afẹ́fẹ́ Mistral máa ń fẹ́ níbẹ̀, tó bá ti le, ọkọ̀ á mì. Àwọn tó bá wà níwájú pátápátá tàbí lẹ́yìn pátápátá, lókè téńté, ni wọ́n ń mọ̀ ọ́n jù, bíi ti ẹni tó jókòó sórí táyà ẹ̀yìn nínú bọ́ọ̀sì tó ń gba ojú ọ̀nà tó ti bàjẹ́. Nítorí náà àárín ọkọ̀, sísàlẹ̀ díẹ̀, ni ibi tó dáa fún ẹni tí òòyì tètè ń kọ́. Ibẹ̀ sì sábà máa ń dínwó ju ti òkè lọ, èyí ló ń yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn ń sanwó kún owó kí wọ́n lè lọ síbi tó ti ń mì.

Ní ti ẹ̀rù pé omi máa wọ ìsàlẹ̀, mi ò fojú kékeré wo ẹ̀rù yẹn rárá. Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ kúrúùsì Costa Concordia létí Ítálì ní January 13, 2012, ẹni 32 ló kú. Àmọ́ ọkọ̀ ìdóòlà kì í sí lórí téńté, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló wà, ní àwọn àjà tó wà lágbede méjì, ẹni tó wà lókè pátápátá máa sọ̀kalẹ̀ ni, inú lífíìtì sì kọ́ ló máa gbà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa gbani ni kéèyàn mọ ibi tí wọ́n ní kó lọ dúró sí. Lára àwọn tó wọ Costa Concordia lọ́jọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ni wọn ò tíì kọ́ ní ohun tí wọ́n máa ṣe kó tó forí sọ àpáta. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n sọ ọ́ di òfin pé kí wọ́n kọ́ gbogbo èrò kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí gbàrà tó bá gbéra. Ẹ̀yin méjèèje, ẹ lọ, ẹ má jókòó sídìí oúnjẹ nígbà tí wọ́n bá ń pè yín.

* * *

Ariwo ńkọ́? Kò sẹ́ni tó béèrè, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ló máa ń dun àwọn èèyàn lẹ́yìn tí wọ́n bá dé.

Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń gbé àwòrán àjà kọ̀ọ̀kan síta, pẹ̀lú nọ́ńbà gbogbo yàrá, ẹ wò ó. Ẹ wo ohun tó wà lórí yàrá yín, ẹ wo ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Yàrá tí yàrá míì wà lókè ẹ̀, tí yàrá míì tún wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ fọwọ́ mú un. Tó bá jẹ́ ibi odò ìwẹ̀ ló wà lókè, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n á ti máa wọ́ àga gbọ̀ngbọ̀n lórí yín. Tó bá jẹ́ ibi ijó ló wà nísàlẹ̀, ìlù á máa kù dé ìrọ̀rí yín. Iwájú lọ́hùn-ún ni ìdákọ̀ró wà, tí wọ́n bá ń jù ú sómi láàárọ̀ kùtù, kò sẹ́ni tó ń sùn lọ. Ẹnu lífíìtì, àwọn tó ń ti ibi ayẹyẹ bọ̀ á máa rojọ́ kọjá.

Àwọn yàrá kan ní ìlẹ̀kùn láàárín ara wọn. Àwọn èèyàn máa ń ní kéèyàn sá fún un torí ohùn ń gbabẹ̀ kọjá, òótọ́ ni tó bá jẹ́ àjèjì ló wà lódìkejì. Fún ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, tó bá jẹ́ pé yàrá méjèèjì ni tiyín. Ẹ̀yin márùn-ún á ṣílẹ̀kùn àárín, balùwẹ̀ méjì á wà, ẹ lè máa kó wọlé kó jáde nígbà tẹ́ ẹ bá ń múra.

* * *

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ń hanrun.

Yàrá tirẹ̀ nìkan ló dáa jù, àmọ́ ó lówó lórí. Nínú ìṣirò wa lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ bá pín sí méjì, méjì, méjì, ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ á di 4,800, torí ẹni tó dá wà máa san owó ẹni méjì. Àwọn ọkọ̀ kan ti ṣe yàrá kékeré fún ẹni tó bá dá rìn, Norwegian Epic ṣe 128 irú ẹ̀ nígbà tó jáde ní 2010, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní in, tó bá sì wà, ó máa ń tètè tán.

Ta ló máa san àsanlé yẹn? Ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ní ẹni tó ń hanrun ni. Mi ò gbà. Tó bá jẹ́ òun ló ní òun fẹ́ dá wà, kó san án. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ní kó lọ dá wà, ẹ̀yin méjèèje ni kẹ́ ẹ jọ gbé e. Èèyàn kì í fọwọ́ ara ẹ̀ hanrun. Tí owó ò bá sì gbé e, ẹ bi ara yín léèrè ta ni oorun ẹ̀ wúwo jù, ẹ ra ìdítí fún un, àwọn méjèèjì ni kó jọ wà. Ẹni tí oorun ẹ̀ fẹ́lẹ́ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá.

Àdúrà náà wà níbẹ̀. Ní Òṣogbo níbí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń gbé ilé kan náà, kò sì sí ìjà, àmọ́ nínú yàrá ọkọ̀, ẹni tó ń gbàdúrà òru sókè àti ẹni tó ń jí kírun àsùbáà, tí wọ́n bá jọ wà, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ní sùn. Ẹ pa àwọn tó ń jí pọ̀ mọ́ra. Yàrá tí kò ní fèrèsé, òkùnkùn birimù ni, ẹ ò ní mọ̀gbà tí ilẹ̀ mọ́ àfi kí ẹ gbé áláàmù sí fóònù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ṣánẹ́ẹ̀lì kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n tó ń fi iwájú ọkọ̀ hàn, ẹ ṣí i kalẹ̀, ẹ pa ohùn ẹ̀, á máa tan ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ fún yín. Ní ti gábàsì, ọkọ̀ ń yí, ibi tẹ́ ẹ kọjú sí lánàá lè máà jẹ́ ibẹ̀ lónìí, irin tó wà lára ọkọ̀ sì lè da kọ́ńpáàsì fóònù rú. Ṣánẹ́ẹ̀lì tó ń fi máàpù hàn ni kí ẹ fi wò ó.

* * *

Ẹ̀gbọ́n ní wọ́n fẹ́ da àdìrẹ aláró ṣe aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n sì ń béèrè bóyá ká gbé áyọ́ọ̀nù lọ.

Áyọ́ọ̀nù rárá. Wọ́n máa gbà á lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú bọ́ílà omi gbígbóná àti wáyà ìfàgùn, torí iná ni wọ́n ń sá fún, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé ni wọ́n máa kó o fún yín. Àwọn ọkọ̀ kan ní yàrá ìfọṣọ tí áyọ́ọ̀nù wà, ẹ béèrè. Àdìrẹ dáa púpọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ nílò lílọ̀, ọmọ Òṣogbo lẹ kúkú ń ṣe. Àmọ́ ẹ ti fọ̀ ọ́ nílé títí tí aró ẹ̀ ò fi ní ṣí mọ́, torí táwẹ̀lì àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun ló wà níbẹ̀, bí aró bá ràn án, wọ́n lè kọ ọ́ sí yín lọ́rùn. Ẹ gbé púlọ́ọ̀gì ìyípadà dání, ẹnu púlọ́ọ̀gì wa ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í sábà wọ tiwọn. Báàgì ńlá á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ kó aṣọ jáde tán kẹ́ ẹ tì í sábẹ̀.

* * *

Ìròyìn tuntun tí ẹ̀gbọ́n mú wá láàárọ̀ yìí ni pé èjẹ́ǹtì ti gbà fún yàrá mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó ní tí wọ́n bá gba irú èyí tí wọn kì í fún èèyàn ní nọ́ńbà ẹ̀ ṣáájú, tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló máa yan ibi tó bá wù ú fún wọn, owó á tún wálẹ̀.

Ẹ má gbà á. Mo mọ̀ pé àwọn kan níbí ti rí oore gbà nídìí ẹ̀, wọ́n sanwó èyí tí kò ní fèrèsé, wọ́n bá ara wọn nínú èyí tó ní, inú mi sì dùn fún wọn. Fún ẹni méjì tó jọ ń rìn, ó dáa. Fún ẹni méje tó fẹ́ wà nítòsí ara wọn, ó lè fi ọ̀kan sí iwájú ní àjà kejìlá, kó fi èkejì sí ẹ̀yìn ní àjà karùn-ún, Màmá á wá máa rin kọ́rídọ̀ tó gùn láti wá yín. Ibi ariwo tí àwọn tó ń yan yàrá fúnra wọn ti sá fún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n máa kó yín sí.

Ẹ ní kó kọ nọ́ńbà yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún yín, kó so ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí ẹ lè jọ jókòó nídìí tábìlì kan náà lálẹ́, kí orúkọ tó wà níbẹ̀ sì bá ti páásípọ́ọ̀tù mu lẹ́tà sí lẹ́tà, kì í ṣe Ìyá Ìbejì tàbí orúkọ ọjà. Tó bá ti kó nọ́ńbà yẹn wá, ẹ gbé e wá síbí pẹ̀lú orúkọ ọkọ̀ náà, ká jọ wo ohun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ yàrá kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó.